Ìje ọkọ̀ àdúgbò wa: kí ni yóò mú awakọ̀ wá, kí ni yóò mú èrò wá?

MẹkáníìkìDanville

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìje ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Apá gúúsù Virginia ni mò ń gbé, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe. Ní alẹ́ Sátidé nígbà ooru, pápá ìje kékeré kan tí kò jìnnà sí wa ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin máa ń wà. Òun ń wa ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin, èmi ń tún un ṣe. Fún ẹni tí kò bá mọ irú ìje yìí: ọkọ̀ tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ojú títì ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ gbogbo inú rẹ̀, wọ́n sì fi irin ká a kí awakọ̀ má bàa fara pa. Àwọn pápá kúkúrú báyìí, òbìrí wọn kì í tó máìlì kan. Tiwa kò tó ìdajì. Láti orí ìjókòó rẹ lo ti máa rí gbogbo ìje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ni pápá náà pe àwa tí a máa ń wá déédéé jọ. Ó fẹ́ ṣe ìje ńlá kan lọ́dún tó ń bọ̀, ti àwọn ọkọ̀ Late Model, kíláàsì tó ga jù ní irú pápá kékeré bẹ́ẹ̀, tí awakọ̀ láti ìlú mìíràn yóò wá bá àwọn tiwa du. Ọkọ̀ Late Model tó ń wá síbẹ̀ báyìí kì í tó mẹ́wàá mọ́, àga ìwòran sì máa ń ṣófo. Èrò tirẹ̀ ni kó sọ owó ẹni tó bá gba ipò kìíní di ìlọ́po méjì, kó fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì kó lè rí i san, kó sì fi ìje náà sí oṣù kẹrin.

Èrò tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Awakọ̀ ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí pápá ìje ní. Òun pẹ̀lú ń sanwó kó tó wọlé, òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn wọ píìtì, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gba ẹnu-ọ̀nà iwájú wọlé wá wò ó. Bí ìnáwó ló rí: ẹni tó bá gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ rẹ ni yóò kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ kan ò bá wá, gbogbo àwọn tí ì bá bá a wá ló jókòó sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Kí ni ká sọ fún ọ̀gá yìí?

ÌyáÌbejì_Bowie

Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo ti ń wo ìje ọkọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dá irú mi dúró.

Ariwo wà níbẹ̀, ọmọ kékeré sì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń wakọ̀ níbẹ̀, mi ò wá mọ ẹni tí mo fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ni àsíá àwọn ará gúúsù ayé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn tó jà kí oko ẹrú má parí. Ó pẹ́ tí a ti ń rí i lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Mi ò lè kó ìbejì mi lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé.

MẹkáníìkìDanville

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta, Ìyá Ìbejì. NASCAR, àjọ tó ń darí irú ìje ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, fi òfin de àsíá yẹn ní gbogbo ìje àti pápá wọn lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2020. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé òfin tí wọn ò kọ sára géètì kò tíì fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ rí i kà kó tó mú owó jáde lápò. Ní ti ariwo, ìbòtí wà tí a máa ń fi sí àwọn ọmọ létí. Ó yẹ kí pápá ní i lọ́wọ́ láti yá àwọn òbí.

ỌmọỌ̀yọ́_WinstonSalem

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo Bowman Gray, pápá ìje tó wà níbí ní Winston-Salem, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Bill France Àgbà àti Alvin Hawkins ló bẹ̀rẹ̀ ìje NASCAR níbẹ̀ ní 1949, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é lálẹ́ Sátidé nígbà ooru. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ni pápá náà, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó yí pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì Winston-Salem State ká. Kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá, NASCAR fúnra rẹ̀ sì gbé Clash, ìje tí wọ́n fi ń ṣí ọdún, wá síbẹ̀ ní oṣù kejì 2025, tí Chase Elliott gbégbá orókè.

Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ rèé. Àwọn awakọ̀ kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún. Èèyàn mọ bàbá, ó mọ ọmọ, ó mọ ẹni tó gbá ta lọ́dún mélòó sẹ́yìn tí wọn ò tíì dárí ji ara wọn. Bí Burt Myers àti Tim Brown bá jọ wà níwájú, apá kan ń yọ̀, apá kan ń hó lé wọn lórí. Ẹni tí kò fẹ́ràn awakọ̀ kan pàápàá á ra tíkẹ́ẹ̀tì kó lè wá wo bó ṣe máa pàdánù. Owó kọ́ ló dá ìyẹn sílẹ̀, pípadà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ẹ wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ sídìí makirofóònù yín. Kó mọ̀ pé ọkọ̀ kẹta yẹn, oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló ń wà á, pé ilé ìwé gíga àdúgbò yìí ló lọ, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Àwọn tó ń sọ nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan máa ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn.

Adé_Peckham

Ẹ kú ilé o. Ní tòsí ibi tí mò ń gbé yìí, ní New Cross, ni wọ́n ti ṣe ìje stock car àkọ́kọ́ ní London, lọ́jọ́ Good Friday, 16 oṣù kẹrin 1954. Pápá yẹn ti lọ, wọ́n ti sọ ọ́ di pápá koríko. Ṣùgbọ́n ìje náà kò kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Àwọ̀ òrùlé ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ipò awakọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, funfun. Bó bá ń ṣe dáadáa, ó di yẹ́lò, ó di búlúù, ó di pupa, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ìràwọ̀. Òrùlé wúrà ni ti ẹni tó gba ife àgbáyé. Nígbà tí ìje bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn olórùlé funfun ló ń wà níwájú, àwọn ìràwọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí kò lówó, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò yára, á rí ara rẹ̀ níwájú fún ìyípo mélòó kan, ọjọ́ mìíràn á tilẹ̀ gbà á. Ìràwọ̀ náà ní láti já gbogbo wọn kọjá kó tó débẹ̀. Ọmọdé tó jókòó sórí àga kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé: ó rí òrùlé pupa tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ti dìde dúró.

Wọ́n tún ní ìje Ministox fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Ọmọ kan tó bá wakọ̀, gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló mọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

MẹkáníìkìDanville

Bọ̀ọ̀dá Adé, èyí wọ̀ mí lára. Àwọn tó ń wa Late Model kò ní gbà pé kí ẹni tó yára jù bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá nínú ìje ńlá, torí wọ́n ti náwó lórí ìdánwò eré sísá. Ohun tí wọ́n máa ń gbà ni kí ẹni tó ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò fa nọ́ńbà kan: bó bá fa mẹ́jọ, àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ yí padà, òun á bẹ̀rẹ̀ ní ipò kẹjọ. Iwájú gbogbo èrò ni kó ti fà á, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n fún kíláàsì onísìlíńdà mẹ́rin tiwa, mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ òrùlé yìí lọ bá ọ̀gá bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Owó ọ̀dà lásán ni yóò ná wa.

ỌmọÌjẹ̀bú_Atlanta

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn sórí tábìlì. Ká ní dọ́là 10,000 ni gbogbo ẹ̀bùn, ọkọ̀ 24 ló sì wá.

Bí ọ̀gá bá fún ẹni kìíní ní 5,000, 5,000 ló kù fún àwọn 23. Àwọn méjì mẹ́ta tó tẹ̀lé e á gba èyí tó nípọn níbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á lọ sílé pẹ̀lú owó tí kò lè san táyà kan. Ní báyìí, ẹ fún ẹni kìíní ní 2,000, ẹnì kejì 1,000, ẹ̀kẹta 700, ẹ̀kẹrin 500, ẹ̀karùn-ún 480. Ó di 4,680. Àwọn 19 tó kù, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 280. Ó pé 10,000 géérégé.

Awakọ̀ tó mọ̀ pé òun kò lè gba ipò kìíní, tí ó sì jẹ́ pé irú rẹ̀ ló pọ̀ jù láyé, nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ló ń wò. Bí 280 bá ti san epo tírélà àti owó ìwọlé rẹ̀, á wá, á sì padà wá.

ÀgbàÒjẹ̀_Houston

Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣirò ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣàtakò. Owó ńlá ní agbára tirẹ̀. Ní 2001, Earl Baltes tó dá pápá ìje Eldora sílẹ̀ ní Ohio fi mílíọ̀nù dọ́là kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ìje Late Model orí erùpẹ̀. Donnie Moran ló gbà á. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ nípa 280 dọ́là lọ́dún méjì sí i? Ìje ńlá nílò nǹkan kan tí yóò wà lẹ́nu èèyàn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Atlanta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá wa. Òótọ́ ni, ohun tó ń wọ etí gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n Eldora ti ní orúkọ láti 1954, wọ́n ti ń ṣe ìje ńlá wọn, World 100, láti 1971 kí mílíọ̀nù yẹn tó dé. Pápá tí àga rẹ̀ ṣófo kò ní ibi tí yóò ti rí i san. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń wọ etí, ẹ wo Oxford 250 ní Maine. Ìyípo 250 ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá wà níwájú ní ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gba 100 dọ́là. Ẹ lè ta ìyípo kọ̀ọ̀kan fún àwọn ará àdúgbò, ní iye tí agbára wọn ká: onígbàjámọ̀, onílé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fẹ́ fi rántí bàbá rẹ̀ tó fẹ́ràn ìje. Orúkọ wọn á jáde lórí makirofóònù nígbà tí ìyípo wọn bá kọjá. Ẹni tó ra ìyípo 47 kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

ÀgbàÒjẹ̀_Houston

Mo gbà. Ìyẹn dára ju tèmi lọ fún pápá kékeré.

Táyà_Hickory

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà dá sí i. Ilé iṣẹ́ Late Model kan ní Hickory, North Carolina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá mi bá fẹ́ pinnu ìje tí a ó lọ, kì í kọ́kọ́ béèrè owó. Ìwé òfin ló ń béèrè.

Bí pápá yín bá ní òfin tirẹ̀ lórí ìwọ̀n ọkọ̀, lórí ẹ́ńjìnnì, lórí sípíríìngì, ó túmọ̀ sí pé a ní láti tú ọkọ̀ palẹ̀ nítorí alẹ́ kan ṣoṣo. A ò ní wá. Ẹ lo òfin tí pápá ìje South Boston àti Martinsville ní Virginia yín níbẹ̀ ń lò, àwọn méjèèjì kò ju nǹkan bíi máìlì 30 lọ sí Danville. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín wọn, kí ẹ wá yàtọ̀ sí wọn fún kí ni? Ọ̀rọ̀ táyà náà ńkọ́? Òun ló ń jẹ owó jù lálẹ́ ìje. Ẹ dá iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lò, kí ẹ sì tì wọ́n mọ́lé láàárín ìdánwò àti ìje, kí olówó má máa rọ́ táyà tuntun wọlé. Tí ẹ bá ti kọ òfin tán, ẹ má yí i padà nítorí pé awakọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá fẹjọ́ sùn. Àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ o. Pápá tó bá yẹ ọkọ̀ ẹnì kan wò gírígírí tó sì gbójú fo ti ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oṣù kẹrin kò dára. Àkókò yẹn gbogbo pápá ló ń ṣí, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń wá ojú àmì ní pápá tirẹ̀, kò ní fẹ́ fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wo Snowball Derby, ìje Late Model ńlá kan ní Pensacola, Florida. Oṣù kejìlá ni wọ́n ń ṣe é láti 1968, nígbà tí ìje NASCAR ti parí, ìdí nìyẹn tí àwọn ńlá fi ń ráyè wá. Ẹ gbé tiyín sí oṣù kọkànlá, ní ọ̀sán, torí òtútù alẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ kàlẹ́ńdà Martinsville wò.

ÌyáÌbejì_Bowie

Aago mélòó ni irú ìje bẹ́ẹ̀ máa ń parí? Ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí ọ̀kan rí, ó ní àárín òru ni wọ́n tó ṣe ìje gidi, àwọn ọmọ ti sùn.

Táyà_Hickory

Mọ̀mí, ẹ̀yin gan-an ló fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Pápá tó ń kó kíláàsì mẹ́jọ jọ lọ́jọ́ kan, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí gbogbo ìkọlù, ló ń lé àwọn òbí lọ. Kíláàsì mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ ńlá. Kí wọ́n ṣí píìtì fún àwọn ọmọ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, kí awakọ̀ fọwọ́ sí fìlà wọn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, kí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà ilé ní aago márùn-ún ààbọ̀.

Olùkọ́_Greensboro

Ó yà mí lẹ́nu pé a ń sọ̀rọ̀ Danville, tí a ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mú awakọ̀ àti èrò wá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Wendell Scott, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìje ńlá NASCAR. Danville ni wọ́n bí i sí.

Ní 1952, àwọn tó ń ṣe ìje Dixie Circuit, tí kì í ṣe ti NASCAR, ní pápá Danville Fairgrounds rí i pé èrò ń dín. Wọ́n ronú pé bí èèyàn dúdú kan bá wà lára àwọn awakọ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú á wá wò. Wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé ta ni èèyàn dúdú tó mọ ọkọ̀ wà jù nílùú. Àwọn ọlọ́pàá mọ Scott dáadáa, torí pé àwọn fúnra wọn ló máa ń lé e nígbà tó ń fi ọkọ̀ kó ògógóró. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan hó lé e lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ó tún ọkọ̀ ṣe, ó wọ́ ọ lọ sí ìje NASCAR ní Winston-Salem. Wọ́n lé e padà, wọ́n ní àwọn kì í gba èèyàn dúdú.

Ó gba ipò kìíní ní Jacksonville lọ́jọ́ 1 oṣù kejìlá 1963, ṣùgbọ́n Buck Baker ni wọ́n gbé ife fún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn tí èrò túká ni wọ́n tó sọ pé àṣìṣe ni ìṣirò ìyípo. Scott kú ní 1990. Oṣù kẹjọ 2021 ni NASCAR tó gbé ife kan lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí: ètò àwọn ará Danville 1952 mọ́gbọ́n dání bí ọjà títà, èèyàn kan ló ń fa èèyàn wá. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é nítorí tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń darí eré náà kò sì múra tán láti fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìran méjì mẹ́ta ló gbọ́ ìtàn yẹn nínú ilé aláwọ̀ dúdú. Ìbẹ̀rù Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ kí àwọn èèyàn wa wá, kó kọ́kọ́ rí i pé ẹni tó bá gba ìje gba ife rẹ̀ níwájú gbogbo èrò lọ́jọ́ náà, ẹnì yòówù kó jẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn Scott ti ń yọjú: Bubba Wallace gba ìje Truck, ti àwọn ọkọ̀ pickup ti NASCAR, ní Martinsville ní 2013, nǹkan bíi máìlì 30 sí ilé Scott.

ỌmọỌ̀yọ́_WinstonSalem

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mi ò gbọ́ ti Winston-Salem yẹn rí, ó dùn mí. Rajah Caruth náà wà: orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́kọ́ kọ́ ìje, ó lọ sí Winston-Salem State níbí, ó sì gba ìje Truck ní Las Vegas ní 2024. Yunifásítì náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣàkóso ìje ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ kọ̀wé sí wọn. Àwọn ọmọ tó ń wá ibi tí wọ́n á ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n á bá yín ṣe fídíò àwọn awakọ̀, wọ́n á bá yín gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún gbé ẹ̀rọ ìje orí kọ̀ǹpútà méjì sábẹ́ tẹ́ǹtì kan, ẹ ó rí ìlà àwọn ọmọdé.

MẹkáníìkìDanville

Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán yìí, wákàtí méjì la fi jókòó. Ó gba oṣù kọkànlá àti ọ̀sán. Ó gbà pé kí òfin jẹ́ ti South Boston. Ó gba àwọ̀ òrùlé fún onísìlíńdà mẹ́rin, àwọn ìyàwó awakọ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ́ pupa. Àkíyèsí àsíá yóò wà lára géètì méjèèjì. Ọmọ tí kò tó ọdún 12 kò ní sanwó. Ìtàn Scott mú un dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìyípo 34 ni òun fúnra òun yóò rà, nítorí nọ́ńbà ọkọ̀ Scott.

Lórí owó ni a kò tíì fẹnu kò. Ó ṣì fẹ́ 4,000 fún ẹni kìíní. Mo tẹ ìṣirò ọmọ Ìjẹ̀bú jáde, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Èmi kò ní jáwọ́ lórí owó àwọn tó wà lẹ́yìn.

ÌyáÌbejì_Bowie

Bí àkíyèsí yẹn bá ti wà lára géètì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sójú ibí yìí. Ìyàwó àbúrò mi ń din puff-puff àti ẹran fún àwọn ayẹyẹ ní Richmond, ó ń béèrè bóyá ẹ gba àwọn olóúnjẹ láti ìta.

MẹkáníìkìDanville

A gbà wọ́n, Ìyá Ìbejì. Kó ní ìwé àṣẹ oúnjẹ ti ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, iná wà níbẹ̀. Fọ́tò ń bọ̀.

Táyà_Hickory

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ti ka gbogbo èyí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní bí ìwé òfin àti iye táyà bá jáde kí oṣù kẹjọ tó parí, tí owó àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì lọ sílẹ̀ ju 250, òun ń gbé ọkọ̀ méjì bọ̀.

MẹkáníìkìDanville

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú lọ bá a lọ́la. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bóyá mo lè dárúkọ ilé iṣẹ́ yín fún un.

Táyà_Hickory

Ó ní kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀.